Àbúrò mi ní bípólà, ó tún ń mu igbó àti ọtí: èwo ló bí èwo?

Omolewa_T:
Ẹ kú ilé o gbogbo yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí, n kì í dá sí i, ṣùgbọ́n lónìí mo ní ìbéèrè. Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 24, dọ́kítà ní bípólà ló ń ṣe é, ìyẹn àìsàn tí inú èèyàn á fi ga kọjá ààlà fún ìgbà kan, tó bá tún yá á wá rì wálẹ̀ pátápátá. Ó tún wá ń mu igbó, ọtí náà kò gbẹ́yìn. Bàbá wa ní igbó ló dà á lórí rú, pé tó bá ti lè jáwọ́ nínú ẹ̀ gbogbo ẹ̀ ti parí nìyẹn, kò sí ohun tí oògùn ọsibítù fẹ́ ṣe fún un. Àbúrò mi ní irọ́ ni, pé nǹkan yìí ti ń ṣe òun kí òun tó mọ igbó rárá, igbó gan-an ló ń jẹ́ kí òun rí oorun sùn. Mo wà láàárín àwọn méjèèjì, n ò mọ ti ẹni tí n bá gbà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó là á yé mi. Ẹ ṣàdúrà fún wa o, àmọ́ àlàyé ni mo wá gbà.

Ajitoni:
Bàbá yín ò parọ́. Igbó ni. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí orí ẹ̀ pé pérépéré, ó bẹ̀rẹ̀ igbó, kò pẹ́ ló ń sọ pé òun máa di ààrẹ gbogbo ayé, ó ń há owó fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n gba igbó lọ́wọ́ ẹ̀, ó bọ̀ sípò. Kí lẹ tún ń wádìí?

NoosiAale:
Ajitoni, ẹ rọra ná, ẹnì kan lẹ rí. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe jù, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ó ní èyí tó jẹ́ pé nǹkan tí èèyàn mu ló mú kó dà bíi bípólà lóòótọ́. Kokéènì lè ṣe é, amphetamine, oògùn tó ń lé oorun lọ, lè ṣe é, kódà oògùn tí dọ́kítà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, bíi steroid tàbí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè gbé ẹlòmíì gòkè débi tí kò ní sùn mọ́ tí ẹnu ẹ̀ ò ní dákẹ́. DSM-5, ìwé tí àwọn dọ́kítà ọpọlọ fi ń pín àìsàn sí ìsọ̀rí, èyí tó jáde ní 2013, ya irú ẹ̀ sọ́tọ̀, ó ní orúkọ tiẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ ni pé wọ́n á máa wo ẹni náà lẹ́yìn tó bá ti jáwọ́. Tó bá ti tó bí oṣù kan tí nǹkan yẹn ti kúrò lára, tí kò rí oorun sùn síbẹ̀, tó ṣì ń náwó bí ẹni tí wọ́n ń lé, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ju igbó lọ. Wọ́n á tún bèèrè bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ rí kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Torí náà Omolewa, ohun tí àbúrò yín sọ pé ó ti wà ṣáájú igbó yẹn, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ bá a ka ọdún ẹ̀ sẹ́yìn: ìgbà wo ló kọ́kọ́ lo odindi ọ̀sẹ̀ kan láìfi bẹ́ẹ̀ sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́? Ìgbà wo ló kọ́kọ́ mu igbó? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún dọ́kítà.

Èyí tó tún wà ni pé àìsàn yẹn fúnra ẹ̀ ló máa ń tì wọ́n sídìí ẹ̀. Tí orí bá ti ga, ẹ̀rù ò ba èèyàn mọ́, ohun tí kò jẹ́ dán wò ní ọjọ́ tí ara ẹ̀ balẹ̀ ló máa dán wò. Tó bá wá rì, ó ń wá ohun tó máa pa ìrora yẹn. Dọ́kítà kan ní Amẹ́ríkà, Edward Khantzian, gbé àbá yẹn jáde ní 1985, ó ní ọ̀pọ̀ ló ń fi oògùn olóró tọ́jú ara wọn. Àmọ́ kò kó gbogbo ọ̀rọ̀ tán o, torí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo ń rí, ìgbà tí inú wọn ga gan-an ni wọ́n ń mu jù.

Ẹ tún fi ti ọjọ́ orí kún un. Ìgbà tí bípólà sábà máa ń yọjú, láti bí ọdún mẹ́rìndínlógún títí di ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ìgbà yẹn náà ni àwọn ọ̀dọ́ ń tọ́ ọtí àti igbó wò. Àwọn méjèèjì lè bá ara wọn wọlé láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ó sì tún máa ń rìn nínú ìdílé.

Ajitoni:
Ẹ ṣé nọ́ọ̀sì. Àmọ́ ẹ̀yin náà ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ẹni tó ní bípólà ló ń mu nǹkan.

NoosiAale:
Rárá o. Ẹlòmíì wà tí kò fẹnu kan ọtí rí láyé ẹ̀. Àmọ́ wọ́n pọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ìwádìí kan wà tí Darrel Regier àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1990, nǹkan bí 20,000 èèyàn ni wọ́n bá sọ̀rọ̀. Nínú àwọn tó ní bípólà oríṣi kìíní, èyí tí máníà ẹ̀, ìyẹn inú tó ga kọjá ààlà yẹn, le, nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti ní wàhálà ọtí tàbí oògùn olóró rí nígbà kan láyé wọn. Ọtí nìkan fẹ́ẹ̀ tó ìdajì. Àti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń rí i pé nínú àwọn àìsàn ọpọlọ ńláńlá, bípólà wà lára èyí tó súnmọ́ ọtí jù.

Ní ti igbó gangan, àwọn kan kó ìwádìí jọ ní 2015, wọ́n rí i pé ó fi bí ìlọ́po mẹ́ta rọrùn kí àmì máníà bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ń mu ú ju ẹni tí kì í mu ú lọ. Ìwádìí tí wọ́n rí kó jọ fún ìyẹn ò pọ̀ o, ẹ má wá fi lu bàbá lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ó tó ohun tí a ń wò.

Alaafia_Diedie:
Èmi ni wọ́n ń sọ yìí, mo ní bípólà, mo sì mu ọtí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó jáwọ́, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí láti inú torí gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ lé wa lórí.

Omolewa, nígbà tí àbúrò yín sọ pé igbó ń jẹ́ kóun sùn, kò parọ́, àmọ́ oorun yẹn ò kí ń ṣe oorun gidi. Ti ọtí ni mo mọ̀ jù. Mo máa mu ún, màá sùn fọnfọn bí agogo mẹ́wàá, tó bá di agogo mẹ́ta òru ojú mi á là gbáú, àyà mi á máa lù kìkìkì, àágùn á bò mí, ọkàn mi á ti máa sáré kiri. N ò ní lè sùn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ wá fi sọ́kàn pé ohun tó tètè máa ń gbé bípólà gòkè ni àìsùn. Òru méjì mẹ́ta péré tí n ò bá sùn, mo ti ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan, mo ti ń pe èèyàn láàárín òru pé mo ní àbá kan tó máa yí ayé padà, mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rìsíìtì, sí ara páálí, sí ibi tí mo bá ti rí àyè. Wọ́n á ní inú ẹ̀ mà ń dùn o. Inú dídùn kọ́ jàre. Tó bá yá kì í dùn mọ́, gbogbo ẹni tó bá ní kí n jókòó ti di ọ̀tá mi nìyẹn.

Ọtí tó yẹ kó gbé mi sùn ló ń jí mi, jíjí yẹn ló ń gbé mi gòkè, tí mo bá gòkè mo tún ń mu sí i. Tí mo bá wá já bọ́, ọtí tún ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀ ni, torí ọtí fúnra ẹ̀ máa ń rẹ ọkàn èèyàn sílẹ̀ tó bá ti ń kúrò lára. Ẹ wá ní kí n sọ èwo ló kọ́kọ́ dé, ta ló bìkítà? Nígbà tó ti di ọdún kẹta kẹrin wọ́n ti wé mọ́ra wọn.

Alaroye:
Gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ dáa. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi nìyí: ẹ gba igbó lọ́wọ́ ọmọ, ẹ gbé lithium, oògùn bípólà, fún un títí ayé. Ṣé kì í ṣe oògùn la fi pààrọ̀ oògùn yẹn? Mo gbọ́ pé májèlé ni lithium, ó ń ba kíndìnrín jẹ́.

Alaafia_Diedie:
Ẹ̀gbọ́n Alaroye, ẹ má bínú o, irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí àwọn kan da oògùn wọn nù. Lithium kì í mú èèyàn yó bí ọtí, kò sí ẹni tó ń jalè torí ẹ̀, ẹni tó lò ó ò ní ayọ̀ kankan tó ń gbà nínú ẹ̀, ká ṣì sọ òótọ́. Èmi gan-an, ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, tí mo bá gbé ife tíì dání ẹ máa rí i. Mo fara mọ́ ọn.

Apoogun_A:
Mo jẹ́ apòògùn, ẹ jẹ́ n dá sí i torí ìbéèrè Alaroye kò burú, ó kàn gbé e gba ẹ̀yìn ni.

Lithium ti pẹ́. Dọ́kítà kan ní Ọsirélíà, John Cade, ló kọ ọ́ jáde ní 1949 pé ó ń mú máníà rọlẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 1970. Ó wà lára àwọn oògùn díẹ̀ tí ẹ̀rí ti fi hàn pé ó ń dín pípa ara ẹni kù. Ní ti kíndìnrín, òótọ́ ni pé ó lè ṣe é lọ́ṣẹ́ tó bá pẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ déédéé láti wo kíndìnrín àti táírọ́ìdì (ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn), àti láti mọ iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n fẹ́ kó wà láàárín 0.6 sí 1.0 mmol/L. Tó bá kéré kò ní ṣiṣẹ́, tó bá pọ̀ jù ló ń di májèlé, àyè tó wà láàárín méjèèjì ò sì fẹ̀ rárá.

Ibẹ̀ ni ọtí ti wọ ọ̀rọ̀. Kíndìnrín ló ń kó lithium jáde, ó sì ń wo omi àti iyọ̀ ara ṣe é. Ẹni tó mutí yó á tọ̀ tọ̀ tọ̀, á bì, omi ara ẹ̀ á gbẹ, lithium á wá gbára jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ibuprofen tí ẹlòmíì á tún lò lọ́jọ́ kejì torí ẹ̀fọ́rí ọtí náà ń dá lithium dúró sára. Ẹ ò rí i pé méjì ti pàdé. Àmì pé ó ti pọ̀ jù: èébì, ìgbẹ́ gbuuru, kí ọwọ́ máa gbọ̀n gan-an ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ó máa ta gọ́n-ọ́n gọ́n-ọ́n tó bá ń rìn, kí ọ̀rọ̀ máa lọ́ lẹ́nu ẹ̀, kí iyè ẹ̀ máa ra.

NoosiAale:
Ẹ jẹ́ n fi kún èyí torí ó ṣe pàtàkì. Wọ́n gbé ẹnì kan wá lóru ọjọ́ kan, àwọn ará ilé ní ó ti tún lọ mutí, wọ́n ń bínú sí i. Ó ń ta gọ́n-ọ́n gọ́n-ọ́n lóòótọ́, ahọ́n ẹ̀ wúwo. Mo súnmọ́ ọn, n ò gbóòórùn ọtí kankan. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ máa jáde, lithium ni, ó ti ga gan-an. Ó ti ń yàgbẹ́ láti ọjọ́ mélòó kan tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń lo lithium tó bá ń ṣe bí ọ̀mùtí, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má ní kó lọ sùn kí ọtí dá lójú ẹ̀.

Apoogun_A:
Ẹ ṣé. Àwọn oògùn bípólà tó kù ní kíá: valproate, ẹ̀dọ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́, ọtí náà sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ (obìnrin tó ṣì lè lóyún kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láì bá dọ́kítà sọ ọ́ yanjú, ó ń pa ọmọ inú lára). Ìwádìí kékeré kan ní 2005 rí i pé àwọn ọ̀mùtí tó ní bípólà tí wọ́n fi valproate kún oògùn wọn, ọjọ́ tí wọ́n fi mutí àmuyíràá dín kù. Olanzapine, èéfín sìgá máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lé e jáde, torí náà ẹni tó bá jáwọ́ nínú sìgá lójijì, oògùn yẹn á pọ̀ lára ẹ̀, á kàn máa sùn ṣáá. Kọfí náà, ẹni tó ń mu púpọ̀ tó wá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan, lithium ẹ̀ máa ga. N ò ní kẹ́ ẹ má jáwọ́ o. Ẹ sọ fún dọ́kítà kẹ́ ẹ tó ṣe é ni mo wí.

Omolewa_T:
Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ̀rù wá ń bà mí báyìí torí bàbá wa ti sọ pé láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ òun máa ti àbúrò mi mọ́ yàrá, kò ní rí ọtí kò ní rí igbó, títí ara ẹ̀ á fi mọ́. Ṣé kò léwu?

NoosiAale:
Ó LÉWU. Ẹ bá mi bẹ bàbá.

Ti igbó, tó bá dá a dúró lẹ́ẹ̀kan kò ní pa á, àmọ́ inú á máa bí i, kò ní rí oorun sùn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kó tó rọlẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ ohun tí Alaafia sọ nípa àìsùn. Ti ọtí ló yàtọ̀. Ẹni tó ti ń mu ún lójoojúmọ́ tó pẹ́, tó bá dá a dúró lójijì, gìrì lè gbé e láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ibà á mú un, kò ní mọ ibi tó wà. Ó ń pa èèyàn. Oògùn oorun bíi diazepam náà bẹ́ẹ̀, a kì í já a lójijì. Ọsibítù ló yẹ kó ti dá a dúró, wọ́n ní oògùn tí wọ́n fi ń gbé e sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yàrá tí wọ́n tì lóde, tí gìrì bá gbé e níbẹ̀ ta ló máa mọ̀?

Iyawo_Adewale:
Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀. Ọkọ mi ni tèmi. Ohun tó dá wa lágara jù kì í ṣe àìsàn yẹn, ibi tí wọ́n ń tì wá kiri ni. Ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀mùtí ní kí a lọ tọ́jú orí ẹ̀ ná kí a tó padà wá. Dọ́kítà ọpọlọ ní kó jáwọ́ nínú ọtí ná kí òun tó mọ ohun tí òun máa kọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ o. Tó bá lè jáwọ́ fúnra ẹ̀ ṣé a máa wá síbẹ̀ ni? Ìgbà tí a rí ibì kan tó gbà láti tọ́jú méjèèjì pọ̀, lábẹ́ òrùlé kan, ìgbà yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Kò ì tán o, ó ṣì ń ṣubú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń lo oògùn ẹ̀ kódà lọ́jọ́ tó bá mutí, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀ tó jẹ́ pé tó bá ti mu ife kan á ní gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́, á wá da oògùn náà nù.

NoosiAale:
Ìyá wa, ẹ ti sọ ọ́. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Roger Weiss, ní McLean Hospital ní Amẹ́ríkà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe irú ìtọ́jú yẹn, ìjókòó ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ti bípólà àti ti ọtí pọ̀ bí ẹni pé àìsàn kan ṣoṣo ni. Òfin tí wọ́n gbé ka gbogbo ẹ̀ ni pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, má mutí, má lo oògùn olóró, lo oògùn tí wọ́n kọ fún ẹ. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2007, ọjọ́ tí àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ yẹn fi mu nǹkan tó bí ìdajì ti àwọn tí wọ́n kàn ń bá sọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn olóró nìkan. Ní ti inú-ga-inú-rì fúnra ẹ̀, wọn ò dáa ju àwọn yẹn lọ, torí náà ìjókòó ò rọ́pò oògùn.

Ajitoni:
Ó yé mi báyìí. Ti ọ̀rẹ́ mi yẹn lè jẹ́ igbó nìkan, ti àbúrò Omolewa lè máà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n ò tíì gbà pé kó máa mu igbó lọ o!

Alaafia_Diedie:
Kò sẹ́ni tó ní kó máa mu ú lọ. Ohun tí a ń sọ ni pé ká má ní kó fi sílẹ̀ ná ká tó tọ́jú ẹ̀.

Omolewa_T:
Mo ti bá bàbá sọ̀rọ̀ ti gìrì yẹn, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n ní kò sí yàrá títì mọ́. Ohun kan ló kù. Àbúrò mi ní kí n má sọ ti igbó fún dọ́kítà, pé wọ́n á máa fojú ọmọ ìta wo òun. A máa padà lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣé kí n bá a pa á mọ́?

Apoogun_A:
Ẹ má bá a pa á mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ fúnra ẹ̀, ẹ jókòó tì í. Tí dọ́kítà ò bá mọ̀, tó rí i pé ó rẹ̀wẹ̀sì lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ó lè kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan fún un, ìyẹn sì lè gbé ẹni tó ní bípólà gòkè. Tó bá mọ iye tó ń mu àti ìgbà tó ń mu ún, oògùn tó máa yàn lè yàtọ̀.

NoosiAale:
Ẹ mú bébà dání. Lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ yẹn, kó kọ wákàtí tó fi sùn, ohun tó mu, bí ọkàn ẹ̀ ṣe rí, kò ju ìlà kan lọ. Dọ́kítà á fi ìyẹn mọ èyí tó ń ṣáájú èyí ju gbogbo àríyànjiyàn tí a ṣe níbí lọ. Tó bá sì sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa pé ayé sú òun, pàápàá tó bá ti mutí, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó gbogbo oògùn kúrò nílẹ̀, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí ọtí bá wà nínú àti ìgbà tí ọkàn bá rì pọ̀ ni mo ti rí èyí tó burú jù.

Omolewa_T:
Ó ti gbà láti kọ ọ́. Ti alẹ́ àná: wákàtí mẹ́rin, igbó ẹyọ kan, "inú ń bí mi sí Omolewa".

Alaafia_Diedie:
😂 Ẹ jẹ́ kó máa bínú, kó ṣá máa kọ ọ́.